Ọmọ Ẹja Àrọ̀ Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń gbé ní Mowe pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ kò dún bí ti tẹ́lẹ̀. "Àbúrò mi, àwọn ẹja mi ti ń léfòó o." Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ó ra ọmọ ẹja àrọ̀ 300. Nígbà tí mo fi máa ti Ifo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ṣa òkú 112 sínú báàfù. Owó àjọ rẹ̀ ni ó fi rà wọ́n, kò sì tíì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àjọ náà ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ẹni tí ó ta ẹja fún un kò gbé fóònù mọ́.

Bí ẹ bá ń gbé ní Mowe tàbí Ibafo, ẹ ó ti rí i pé ẹ̀yìnkùlé púpọ̀ ni ó ní adágún oníbúlọ́ọ̀kù tàbí ti tapólì. Àwọn mìíràn ní ayé a máa sin ẹja fún ìgbádùn ojú nìkan, bí ẹja aláwọ̀ ọsàn onílà funfun inú fíìmù Finding Nemo ti ọdún 2003, ẹja tí kò tilẹ̀ sí nínú òkun Àtìláńtíìkì tiwa yìí rárá. Ẹja tí àwa ń sìn kì í ṣe fún ojú. Àrọ̀ ni, Clarias gariepinus, èyí tí Burchell kọ sílẹ̀ ní ọdún 1822 tí ó sì fi orúkọ odò Gariep ní gúúsù Áfíríkà pè. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti ń pè é ní àrọ̀ kí Burchell tó dé!

Kí ẹ tó san owó, ẹ ní kí ẹni tí ń tà á fi àwọ̀n bu díẹ̀ sínú abọ́ funfun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bu èyí tí ó wà lókè nìkan; ẹ jẹ́ kí ó bu láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni aláìlera máa ń fara pamọ́ sí. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, nítorí náà ara rẹ̀ kò lè bo àṣírí. Ara tí ó dá máa ń yọ̀, ó sì máa ń dán. Bí ẹ bá rí ohun funfun tí ó dà bí òwú lára rẹ̀, tàbí egbò pupa, tàbí lẹbẹ tí ó ti fàya, ẹ padà sílé. Irùngbọ̀n mẹ́jọ ni ó yẹ kí ó wà ní ẹnu rẹ̀. Èyí tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti gé kúrú ti jìyà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ àìsàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ ro omi inú abọ́ náà yíká. Ọmọ ẹja tí ó lera yóò dojú kọ omi, yóò máa wẹ̀ lòdì sí i. Omi yóò gbé aláìlera lọ sí àárín bí ewé gbígbẹ. Èmi fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí kò gba ìmọ̀ ìwé kankan, ẹnu dídùn ọlọ́jà kò sì lè yí i padà.

Ẹ wo ìwọ̀n wọn pẹ̀lú. Àrọ̀ a máa jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Bí ńlá àti kékeré bá wà pọ̀, ẹ ó ka 300 lónìí, ẹ ó sì ka 200 ní oṣù tí ń bọ̀ láìrí òkú kan.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń já ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láyà lásán. Àrọ̀ a máa yọ sókè fa afẹ́fẹ́ kí ó tó rì padà. Bí a ṣe dá a ni. Ó fẹ́ràn òkùnkùn, nítorí náà bí wọ́n bá kóra jọ sí abẹ́ ìbòjì lọ́sàn-án, àìsàn kọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dúró lóòró, tí gbogbo wọn na ẹnu sókè tí wọn kò rì mọ́, ọ̀ràn ti dé nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé omi ni ó bàjẹ́, kì í ṣe ẹja.

Omi gan-an ni mo bá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Bí ó ti ń fa omi bọ́hóòlù tán ni ó da ẹja sí i. Omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ ilẹ̀ jáde kì í ní afẹ́fẹ́ tó. Ó yẹ kí ó gba atẹ́gùn fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ti gbé àwọn ẹja náà la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ibafo kọjá lọ́sàn-án gangan, omi inú rẹ̀ sì ti gbóná. Òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni a ń gbé ọmọ ẹja. Bí a bá délé, a ó máa bu omi adágún díẹ̀díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì fún bí ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà a ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n fúnra wọn wẹ̀ jáde. Bí inú ọ̀rá ni wọ́n wà, ẹ gbé ọ̀rá náà lé omi láìtú u fún àkókò kan náà.

N kò dá ọlọ́jà náà láre o. Mo rí òwú funfun lára púpọ̀ nínú àwọn òkú ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n wọn kò dọ́gba.

Ní ọjọ́ kìíní, ẹ má ṣe fún wọn ní oúnjẹ. Èyí tí wọn kò bá jẹ yóò bà omi jẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fún wọn ní díẹ̀, kí ẹ sì dúró wò wọ́n. Ẹja tí ara rẹ̀ yá yóò sáré wá. Ẹ tètè yọ òkú kúrò. Bí ẹ bá ní ẹja àtijọ́ nílé, ẹ ya àlejò sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọ̀n àti abọ́ wọn sì yàtọ̀. Aládùúgbò kan ti gba ẹ̀gbọ́n mi ní ìmọ̀ràn pé kí ó da tẹtirasáíkílìnì sínú omi. Mo ní kí ó má dán an wò: oògùn yẹn kò lè wo omi tí kò ní afẹ́fẹ́, a ó sì jẹ èyí tí ó bá kù lára ẹja. Dókítà ẹran ni kí ẹ bi.

Ẹja 71 ni ó kù nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ra 100 mìíràn. Aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ ni a dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ni ó ro omi inú abọ́ funfun náà, ó sì kọ abọ́ méjì kí ó tó gba ẹ̀kẹta. Ọkọ rẹ̀ ni ó di kẹ́ẹ̀gì mú lẹ́yìn ọkọ̀ títí a fi dé Mowe.