Ẹ má pe ìráhùn àwọn ọmọ wa ní ọ̀lẹ

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa, a ò sì fẹ́ kó kọjá báyìí. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ní Kùtọnu ń ráhùn. Wọ́n ní iye káàdì SIM tí àwọn gbọ́dọ̀ tà lójúmọ́, ọ̀gá ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tà á pé, wọ́n á gbé orúkọ rẹ̀ sí WhatsApp níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà lórí tẹlifóònù, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni wọ́n fún wọn fún ẹnì kan. Oníbàárà náà kò tíì sọ ohun tó ń dùn ún tán, wọ́n ti gbọ́dọ̀ fi ọjà mìíràn lọ̀ ọ́. Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa gbọ́ èyí, wọ́n ní: "Nínú bìró tútù, lórí àga, ìyẹn náà ni wọ́n ń ráhùn sí? Ọ̀lẹ ni wọ́n jàre."

A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà wa, ṣùgbọ́n a ò gbà. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nílé àwọn tó kọ́ wa níwèé, adájọ́ sì ti fún un lórúkọ.

France Télécom là ń wí. Ẹni tó bá ti gba lẹ́tà láti ilẹ̀ Faransé nígbà tiwa mọ̀ pé PTT ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀, lẹ́tà àti tẹlifóònù pọ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni. Àwọn tó ń gun òpó, tó ń so wáyà, fonctionnaire ni wọ́n. Wọ́n ṣe ìdánwò kí wọ́n tó wọlé, wọ́n sì mọ̀ pé ó di ọjọ́ retraite. Ní 1990, òfin yà á kúrò lára ìjọba. Ní 1996 ó di société anonyme, ní 1997 wọ́n gbé ìpín rẹ̀ lọ sí bourse. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé iṣẹ́ kiri. Wọ́n ra Orange lọ́wọ́ Vodafone ní ọdún 2000 ní owó gọbọi. Nígbà tó di 2002, gbèsè ọrùn wọn ti tó nǹkan bí bílíọ̀nù 70 euro. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹni tó ń gun òpó kọ́ ló jẹ gbèsè yẹn.

Àmọ́ òun ni wọ́n ní kó san án. Didier Lombard di ọ̀gá àgbà ní 2005. Ètò tó gbé kalẹ̀, NExT lorúkọ rẹ̀: láàárín 2006 sí 2008, kí 22,000 òṣìṣẹ́ kúrò nínú nǹkan bí 120,000, kí 10,000 mìíràn pààrọ̀ iṣẹ́. Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Fonctionnaire ló pọ̀ jù nínú wọn, a kì í sì í ṣàdédé lé fonctionnaire. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n ní kí iṣẹ́ náà sú wọn, kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ní oṣù kẹwàá 2006, Lombard dúró níwájú àwọn ọ̀gá tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ní bó ṣe wù kó rí, òun máa mú kí wọ́n lọ, ì báà jẹ́ látojú fèrèsé, ì báà jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Látojú fèrèsé! Àwa tí a ti jókòó nínú ìpàdé bìró fún ọdún gbọọrọ mọ̀ pé nígbà tí ọ̀gá pátápátá bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, àwọn ọ̀gá kéékèèké kì í bèèrè ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n á lọ ṣe é ni. Ní France Télécom, wọ́n kó wọn lọ sí ẹ̀kọ́, wọ́n ya àwòrán fún wọn tó ń fi bí ọkàn ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú ṣe ń rí hàn: á kọ́kọ́ jiyàn, á bínú, á rẹ̀wẹ̀sì, lẹ́yìn náà á gbà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣe. Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Wọ́n tún so owó ẹ̀bùn àwọn ọ̀gá kan mọ́ iye èèyàn tó bá lọ.

Ọkùnrin tó ti ń tún wáyà ṣe fún ogún ọdún, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n, wọ́n mú un kúrò lórí òpó, wọ́n fi í sí ìdí tẹlifóònù, kó máa ta fọ́fèétì. Ọ̀rọ̀ tó máa sọ ti wà lórí ìwé níwájú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi ti ara rẹ̀ kún un. Wọ́n ń ka iye tó tà. Àwọn mìíràn, wọ́n gbé wọn kúrò nílùú kan lọ sí òmíràn, kí wọ́n tó palẹ̀ ẹrù, wọ́n tún ní kí wọ́n máa bọ̀. Àwọn kan wà tí wọn ò fún ní iṣẹ́ kankan, tábìlì lásán ni wọ́n gbé sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀mí ara wọn. Ọ̀rọ̀ èèyàn 39 ni àwọn adájọ́ yẹ̀ wò: 19 ti kú, 12 gbìyànjú rẹ̀ tí Ọlọ́run yọ wọ́n, àìsàn ọkàn dá 8 wólẹ̀. Ní oṣù keje 2009, òṣìṣẹ́ kan ní Marseille fi ìwé sílẹ̀ pé iṣẹ́ ló fà á, pé ìpayà ni wọ́n fi ń ṣàkóso wọn. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Lombard pe gbogbo rẹ̀ ní "mode", bí ẹni pé aṣọ tó lòde ni. Ó padà tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn sẹ̀ńdíkà SUD ló gbé ẹjọ́ lọ ní ọdún yẹn kan náà, ọdún mẹ́wàá ló sì gbà kí wọ́n tó dá a. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá 2019, wọ́n dá Lombard àti igbá kejì rẹ̀, Louis-Pierre Wenès, lẹ́bi: ẹ̀wọ̀n ọdún kan, oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀ jẹ́ sursis, àti owó ìtanràn 15,000 euro. Ilé iṣẹ́ náà san 75,000 euro. Ní 2022, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ gbogbo ẹ̀wọ̀n náà di sursis. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 2025, Cour de cassation ti ìlẹ̀kùn ẹjọ́ náà, ẹ̀bi wọn kò yí padà.

75,000 euro yẹn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 49 CFA ni. Fún ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, owó ẹ̀pà ni. Síbẹ̀, ohun tí àwọn adájọ́ sọ ju owó lọ. Wọ́n ní ẹni tó jókòó sókè, tó ya ètò tó ń pa èèyàn lára, ó jẹ̀bi, bí kò tilẹ̀ fojú kan ẹni tó jìyà rí. Harcèlement moral institutionnel ni wọ́n pè é. Títí di ọjọ́ yẹn, ọ̀gá kékeré ni wọ́n sábà máa ń dì mú.

Ẹnì kan lè ní, ṣé títa ọjà wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni? Rárá o. Ìyá wa ló ń tajà ní Wàńdó, owó rẹ̀ la fi kàwé. Àmọ́ ìyá wa mọ̀ pé ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ lónìí kò ní padà wá lọ́la. Ẹni tí wọ́n fi iye tó máa tà dẹ́rù bà kò ráyè ro ọ̀la. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà ilé yín léèrè bí owó ṣe ń fò lórí tẹlifóònù wọn, fún orin àti àdúrà tí wọn ò bèèrè fún. Ọmọ ẹnì kan ló jókòó síbi kan tó fi í lé wọn lórí, nítorí tí kò bá ṣe é, wọ́n á lé e. A ò dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan o, ẹni tó bá bá mu ló mọ ara rẹ̀.

Ohun tó ká wa lára jù nìyí. Ní ilẹ̀ Faransé, torí pé wọn ò lè lé òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe fi ìyà jẹ ẹ́. Níbí, kò sí ẹni tó nílò irú wàhálà yẹn. Òfin 2017-05 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2017 gbà pé kí wọ́n máa tún CDD ṣe lọ láìní iye. Ọmọ lè lo ọdún mẹ́wàá lórí CDD, kó máa gbọ̀n ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá kò ní pariwo, á kàn dákẹ́ títí ìwé á fi parí. Àwọn mìíràn, ilé iṣẹ́ alágbàtà ló gbà wọ́n síṣẹ́. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù á ní òṣìṣẹ́ tàwọn kọ́. Kí wọ́n wá daṣẹ́ sílẹ̀? Òfin 2018-34 ní ọjọ́ mẹ́wàá péré ni lọ́dún.

Nítorí náà, àwọn aṣòfin tó ń wá wa nígbà ìbò, ohun tí a máa bi wọ́n nìyí: ẹ̀ẹ̀mélòó ni a lè tún CDD ṣe kó tó di CDI? Kí wọ́n fi iye lé e. Kí òfin sì mú ẹni tó ni iṣẹ́, kì í ṣe alágbàtà nìkan.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ máa kọ ọjọ́ àti ohun tí wọ́n sọ sí yín sílẹ̀, kí ẹ sì pa àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn mọ́. Kí ẹjọ́ iṣẹ́ tó dé ilé ẹjọ́, ọ̀dọ̀ inspecteur du travail ló ń kọ́kọ́ lọ, ẹ ò sì ní san owó níbẹ̀. Nínú àwa tí a ti wà ní retraite, a ṣì rí ẹni tó lè ka Faransé òfin dáadáa. Ẹ mú kóńtírà yín wá sílé ẹgbẹ́, ká jọ kà á láti orí dé ìsàlẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ tún fọwọ́ sí lóṣù yìí, ẹ kọ́kọ́ mú un wá ná.