Ọmọ Òrukàn Kì Í Ṣe Ìran Àpéwò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, nítorí ó kan ọmọ tí kò ní alátìlẹ́yìn, ó sì kan owó àti àníyàn àwọn ọmọ tiwa pẹ̀lú.

Ó ti di àṣà láàrin àwọn ọ̀dọ́ ìlú Òyìnbó, àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà sì ti ń bá wọn dá àṣà náà, pé kí wọ́n san owó fún ẹgbẹ́ kan, kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, kí wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan bá àwọn ọmọ aláìní ṣeré, kí wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, kí wọ́n sì padà sílé. Iṣẹ́ fisabililahi ni àwọn ọmọ wa ń pè é. Ọ̀kan nínú wọn, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ara jàmáà wa, kọ̀wé sí mi pé kí n ṣe àdúà fún òun, kí n sì sọ fún òun bóyá láádá wà nínú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Àdúà ni mo kọ́kọ́ ṣe. Èsì tí mo fún un ni mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àìní kò sí níbẹ̀. Ètò ìkànìyàn tí ìjọba Íńdíà ṣe ní ọdún 2011 fi hàn pé àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà lé ní 1,210 mílíọ̀nù. Nínú wọn, àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 5 sí 14 lọ, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ bí àgbàlagbà, tó mílíọ̀nù 10. Àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ tó mílíọ̀nù 172, àwọn ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Sachar ṣe olórí wọn sì sọ fún ìjọba ní 2006 pé ẹ̀yìn ni púpọ̀ nínú wọn wà ní ti ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Lóòótọ́, òfin tí wọ́n ṣe ní 2009, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin 2010, ti sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́ àti dandan fún ọmọ ọdún 6 sí 14. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí òfin wà nínú ìwé, ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ tálákà jókòó ní kíláàsì.

Nítorí náà, ẹni tí àánú ṣe kò ṣẹ̀. Ohun tí mo ń bi í ni pé: ta ni ìrìn àjò náà yóò ṣe láǹfààní, ọmọ tó ń lọ wò ni, tàbí òun fúnra rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ọmọ òrukàn ni. Bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó bí i, ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Halima tí ó fún un ní ọmú kì í ṣe ará Mẹ́kà. Láti inú aginjù ni ó ti wá, obìnrin tálákà sì ni. Ṣùgbọ́n kò gbé ọmọ náà jó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó sì dá a padà. Ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ó sì tún pa dà mú un lọ. Nígbà tó yá, Abu Talib ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gbà á, ó sì dúró tì í títí ikú fi mú un lọ. Èyí ni ohun tí ẹ̀sìn wa ń pè ní ìtọ́jú ọmọ òrukàn: dídúró ni.

Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti àwọn ọmọ kéú, mo mọ ohun tí mo ń sọ. Bí wọ́n bá mú ọmọ tuntun wá sí ilé kéú, ẹkún ni ọ̀sẹ̀ kìíní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, yóò máa fi ojú wo àáfà bóyá òǹrorò ni. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí ó tó la ẹnu pe álífù kí etí ẹlòmíràn tó gbọ́. Bí àáfà yìí bá di ẹrù rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, tí àáfà mìíràn dé, ọmọ náà yóò padà sí ẹkún ọ̀sẹ̀ kìíní. Bí a bá pààrọ̀ àáfà fún un ní ìgbà méjìlá lọ́dún, ọdún yóò yí po, kò ní kúrò lórí álífù. Ohun tó tún burú ju àìmọ̀wé lọ ni pé yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò yẹ kí ọmọdé kọ́, pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn òun, lílọ ni yóò lọ.

Kí ẹ má ṣe rò pé mo sọ pé àjèjì kò lè ṣe rere ní Íńdíà. Mother Teresa kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù ni, Kristẹni sì ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Ó dé ìlú Calcutta, tí wọ́n ń pè ní Kolkata lónìí, ní 1929. Ó kọ́ èdè wọn, ó di ọmọ ilẹ̀ wọn, ó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1950, ó sì ṣí ilé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní Shishu Bhavan ní 1955. Ìgbà tó kú ní 1997 ni ó tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, kí ó ka ọdún náà kí ó tó ka fọ́tò.

Ẹ tún gbọ́ èyí tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ṣe fúnra wọn. Ní 1995, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Mumbai tí ń jẹ́ Pratham. Wọ́n rí i pé ọmọ púpọ̀ ti dé kíláàsì kẹta àti ìkẹrin, síbẹ̀ wọn kò lè kàwé. Wọn kò ránṣẹ́ sí Òyìnbó. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò kan náà tí wọ́n ti jáde ilé ìwé gíga ni wọ́n wá, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n sì fi ọmọ bí 20 tó rẹ̀yìn sí ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún wákàtí méjì lójúmọ́. Balsakhi ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ni ọ̀rẹ́ ọmọdé. Owó oṣù wọn nígbà náà jẹ́ rúpì 500 sí 750. Láti 2001 sí 2003, àwọn onímọ̀ tí Abhijit Banerjee àti Esther Duflo wà nínú wọn yẹ iṣẹ́ náà wò ní Mumbai àti ní Vadodara, wọ́n sì rí i pé ìmọ̀ àwọn ọmọ náà gòkè, pàápàá àwọn tó rẹ̀yìn jù. Àwọn méjèèjì yìí wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní 2019. Ǹjẹ́ ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ mọ ìṣirò, bí owó oṣù tilẹ̀ ti gòkè láti ìgbà náà, owó ọkọ̀ òfuurufú àlọ àti àbọ̀ ẹnì kan láti Lọ́ńdọ̀nù, oṣù mélòó ni yóò fi gba irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ síṣẹ́? Òun gbọ́ èdè ọmọ náà, ó mọ ilé ìyá rẹ̀, a ó sì tún rí i níbẹ̀ ní ọ̀la.

Ohun mìíràn wà tó lágbára ju èyí lọ. Níbi tí ẹni tó ń sanwó bá ti ń wá ọmọ òrukàn láti tọ́jú, kò ní pẹ́ kí ẹni tó ń wá owó tó wá ọmọ òrukàn fún un. Púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ tó wà nínú ilé ọmọ òrukàn káàkiri ayé ni òbí wọn kan, tàbí àwọn méjèèjì, ṣì wà láàyè. Òṣì ni ó gbé wọn débẹ̀, kì í ṣe ikú. Ní Nepal tó bá Íńdíà pààlà, wọ́n ti rí àwọn ilé tí wọ́n ti ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ nítorí owó àwọn àlejò. Àpéjọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2019, wọ́n kìlọ̀ nípa àwọn ètò ìyọ̀ǹda ara ẹni nínú ilé ọmọ òrukàn, pé wọ́n lè pa ọmọ lára. Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo, ẹ mọ bí ìkìlọ̀ Kùránì Alápọ̀nlé ti le tó lórí ẹni tó ń jẹ ohun ìní ọmọ òrukàn. Ẹni tó ń pa owó lórí ojú ọmọ náà ńkọ́? Ẹni tó sì ń gbé owó náà lọ fún un láìbéèrè ńkọ́?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Èkínní, ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, bí i nọ́ọ̀sì, dókítà, tàbí olùkọ́ tó lè kọ́ àwọn olùkọ́ ibẹ̀, kí ó lọ, kí ó sì jẹ́ kí ó pẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú ọmọ lójoojúmọ́ ni kí ó bá ṣiṣẹ́, kí ó fi ìmọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí iṣẹ́ má bàa bá a wọ ọkọ̀ padà. Kí ó kọ́ èdè kí ó tó lọ. Ẹni tó ka kéú yóò rí ìwé Urdu, yóò lè pe púpọ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀ nítorí lẹ́tà Lárúbáwá ni, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìtumọ̀, ọmọ tí ebi ń pa kò sì ní dúró dè é kí ó wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Èkejì, kí ó béèrè ìwé. Òfin Íńdíà ti 2015 sọ pé gbogbo ilé tó ń tọ́jú ọmọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Òfin 2010 sì sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá gba ìyọ̀ǹda ìjọba kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànlọ́wọ́ láti òkè òkun. Ilé tó bá jẹ́ kí àlejò ọjọ́ kan gbé ọmọ jáde láìbéèrè ẹni tí ó jẹ́, kí ẹ sá fún un.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí kò ní ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, kí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́, kí ó má ṣe lọ kọ́ni. Ní Delhi, àjọ Salaam Baalak ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ń sùn ní ibùdókọ̀ ojú irin láti 1988, àwọn tó ti jẹ́ ọmọ ìgboro rí ni wọ́n sì ti ń mú àlejò rìn káàkiri àdúgbò, tí wọ́n ń fi ẹnu ara wọn sọ ìtàn wọn. Àlejò yóò sanwó, yóò sì fetí sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ti ẹ̀yin oníṣòwò, nítorí púpọ̀ nínú yín ni ó ń ra ọjà Íńdíà tí kò sì ronú fisabililahi rárá. Ẹ̀yin gan-an ni agbára wà lọ́wọ́ yín. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé wà nínú ẹ̀gbà dígí Firozabad àti nínú rọ́ọ̀gì tí wọ́n ń fi ọwọ́ hun. Kailash Satyarthi, tó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2014, bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì yìí ní 1980. Ó rí i pé bí a bá gba ọmọ sílẹ̀ lónìí tí ọjà ṣì ń tà, wọn yóò fi ọmọ mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́la. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá àmì kan sílẹ̀ ní 1994, tí ń jẹ́ GoodWeave báyìí, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ rọ́ọ̀gì tí ọmọdé kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà yín ní Mumbai àti ní Delhi pé ọwọ́ ta ni ó ṣe ọjà yìí. Bí ó bá rẹ́rìn-ín tí kò dáhùn, ẹ lọ sí ìsọ̀ kejì. Ọmọ tí ìbéèrè yín bá yọ kúrò lẹ́nu iná ìléru kò ní mọ orúkọ yín, Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ní àgbàtán ni à ń gba ọ̀lẹ; bí a bá dá aṣọ fún un, a ó pa á láró. Ọmọ òrukàn kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n òwe náà bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ìrànlọ́wọ́ tí kò bá dé òpin, ìgbà mìíràn ó máa ń sàn kí a má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀dọ́ tó kọ̀wé sí mi pé kí ó kọ́kọ́ fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ tí ìwé ń ni lára ní àdúgbò tí ó ń gbé, ní ọjọ́ kan náà ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láìpa ọjọ́ kan jẹ, láìya fọ́tò kankan. Bí ó bá lè ṣe é, Íńdíà kò ní sá lọ. Bí kò bá lè ṣe é níbi tí wọ́n ti gbọ́ èdè rẹ̀, kí ó fi owó ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà.

Kí Ọlọ́hun Ọba gba sàráà wa, kí Ó tún àníyàn wa ṣe, kí Ó má sì jẹ́ kí ọmọ tí ẹnikẹ́ni bí di ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àmín.