Èsì tó ń rìn níhòòhò ní Ìwó Road

Bí ẹ bá ti fi ẹrù ránṣẹ́ láti Ìwó Road rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ. Ẹ ó gbé e lọ bá dírẹ́bà tó ń lọ Èkó tàbí Òṣogbo, ẹ ó san owó waybill, ẹ ó kọ nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sí i lára. Kò sí ẹni tó máa kó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sínú báàgì tí kò ṣeé tì, kó wá ní ṣebí bọ́ọ̀sì ní ìlẹ̀kùn. Gbogbo wa la mọ̀ pé bọ́ọ̀sì á dúró, wọ́n á ṣí bùútù, ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin á sì kan ẹrù náà kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Àmọ́ ohun tí àwa tá à ń kọ ápù ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Èmi náà ṣe é.

Ọ́fíìsì kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Ìwó Road níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fẹ́ máa fi NIN yẹ ọmọ ẹgbẹ́ wò kí wọ́n tó yá a lówó. Mo fi HTTPS sí i, mo fi password sí i, mo sùn dáadáa. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ṣí log gateway tó wà níwájú sẹ́fà wa, mò ń wá àṣìṣe kan. Ohun tí mo rí lé oorun lójú mi: orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, àní àwòrán ojú àwọn èèyàn. Gbogbo èsì tí sẹ́fà wa ń dá padà ló wà níbẹ̀ gbayawu. Ohun tó ń wọlé nìkan ni mo ṣọ́, mi ò ronú kan ohun tó ń jáde.

Ojú ọ̀nà ni HTTPS ń ṣọ́. Ibi tí ọ̀nà bá parí sí ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí, gateway sì ni tiwa ti parí.

Ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2024. Àjọ Paradigm Initiative kéde pé ìkànnì kan ń ta dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà, pé ₦100 làwọn fi ra slip NIN mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, Bosun Tijani. NIMC ní kò sẹ́ni tó já wọ ibi ìkópamọ́ àwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà tí wọ́n ń tà: irú ohun tó wà nínú log mi gan-an ni.

Ojútùú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Láti 2002 ni W3C ti gbé XML Encryption jáde. Ẹ̀yin tó ń lo JSON, JWE ti wà láti 2015. Sẹ́fà á dá kọ́kọ́rọ́ kan fún ìgbà kan ṣoṣo, á fi ti èsì náà pa, á wá fi public key ẹni tó máa gbà á ti kọ́kọ́rọ́ yẹn fúnra rẹ̀. Gateway á máa gbé e kọjá, àrokò lásán ló máa rí.

Ibi tó ti dà mí láàmú ni pé kọ́kọ́rọ́ ta ni? Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ń lo tiwa. Ẹni tó béèrè ló máa ṣí èsì, nítorí náà public key tiẹ̀ lẹ máa lò, tí wọ́n bá sì pọ̀, ti kálukú lọ́tọ̀. Ẹ̀yin tó ń lo WSS4J, ẹ wo useReqSigCert: certificate tí oníbàárà fi buwọ́ lu ìbéèrè rẹ̀ ló máa fi ti èsì padà fún un. Ẹ sì má gbàgbé pé ètò ìbéèrè àti ètò èsì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ tan ọ̀kan, ìkejì ṣì wà ní pípa.

Wọ́n á ní ó ń fa sẹ́fà sẹ́yìn. Òótọ́ ni, díẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ ti iye owó ẹ̀wà ọjà Bódìjà mọ́lé o. Èsì tí NIN, BVN tàbí àìsàn èèyàn wà nínú rẹ̀ ni mò ń sọ. Òfin ààbò dátà tí ààrẹ buwọ́ lù ní 12 oṣù kẹfà 2023 náà dárúkọ encryption. Ká tiẹ̀ sòótọ́, kí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fẹ́ fi àwòrán àti àdírẹ́sì ṣe? "Bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" tó wọn. Mo ti gé ìyókù kúrò.

Mo lọ sọ fún màmá tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ náà. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ló ti kà á ṣáájú ẹ?" Orúkọ gbogbo wọn wà nínú log yẹn, ti ẹni tó ṣí i nìkan ni kò sí níbẹ̀.