Ẹ Bi Àwọn Olùdíje Léèrè Nípa Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Kàdúná ṣe ibùgbé, láti ìgbà tí ìpolongo ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ gọ́tà ni ó gba ẹnu àwọn olùdíje kan. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi kò tí ì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì kan gbogbo ilé tí ọmọ kékeré wà: àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọ wa tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ ni. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìlera àwọn ará ìlú ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí ó wà láàrin oṣù 6 sí oṣù 59, àwọn 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Èyí ni pé bí a bá to ọmọ mẹ́ta jókòó síwájú wa, ó ṣeé ṣe kí méjì nínú wọn wà nínú ewu yìí. Kò yọ Hausa sílẹ̀, kò yọ Yorùbá sílẹ̀. Ẹ̀fọn kì í béèrè èdè tí ènìyàn ń sọ kí ó tó jẹ ẹ́.

Ohun tí ó mú kí àìsàn yìí burú ni pé kì í pariwo. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kì í sábà ké. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ń sùn ju bí ó ti yẹ lọ, oúnjẹ kò wù ú, eré kò wù ú. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ bá funfun ni a máa ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Nígbà náà a ó máa sáré kiri láti wá ẹni tí yóò fún un ní ẹ̀jẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bẹ́ẹ̀ sì ni èròjà irin tí ẹ̀jẹ̀ fi ń pọ̀ náà ni ọpọlọ ọmọ fi ń dàgbà. Bí kò bá tó ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ó lè kó bá ìrònú àti ẹ̀kọ́ ọmọ náà, ìtọ́jú tí a bá sì ṣe lẹ́yìn ìgbà náà lè má tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Báwo ni a ó ti ṣe kọ́ ọmọ tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ti dín agbára ọpọlọ rẹ̀ kù kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́?

Ibo ni irin náà ń lọ? Inú oyún ni ọmọ ti ń kó irin pamọ́ láti ara ìyá rẹ̀, èyí tí ó kó pamọ́ náà sì máa ń tó o fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìwádìí ọdún 2018 kan náà sọ pé nínú 100 obìnrin tí ó wà láàrin ọdún 15 sí 49, ẹ̀jẹ̀ 58 kò tó. Ẹni tí kò ní kò lè fún ẹlòmíràn. Ọmú ìyá dára, kò sí ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ògì ṣíṣàn tàbí kunu lásán ni púpọ̀ nínú wa ń fún ọmọ, irin tí ara ọmọ sì lè rí gbà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ibà tún wá, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Aràn inú ìfun tún wá, ó ń mu èyí tí ó ṣẹ́ kù.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ láti ọdún 2016 pé ní ibi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ọmọ 40 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a máa fún ọmọ oṣù 6 sí oṣù 23 ní irin mílígíráàmù 10 sí 12.5 lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta léraléra, lọ́dọọdún. Ti ọmọ ọdún méjì títí dé oṣù 59 jẹ́ mílígíráàmù 30. Tiwa ti kọjá 40 tipẹ́tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ kejì pẹ̀lú. Ní Pemba, erékùṣù kan ní Zanzibar, wọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé ní irin àti folic acid níbi tí ibà ti gbilẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé àwọn tí ó gbà á ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú tàbí tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì dá a dúró. Síbẹ̀, láàrin àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú ibà wọn dáadáa, irin ṣe àwọn tí kò ní i tó láǹfààní. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé irin àti ìdènà ibà kò gbọdọ̀ ya ara wọn. Ọmọ tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde pẹ̀lú nílò àyẹ̀wò kí a tó fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: bí olùdíje kan bá ń pín ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ níbi ìpàdé ìpolongo, ẹ má ṣe fi ìbò yín pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìgò náà bá gba ṣíbí kékeré 20, ogún ọjọ́ péré ni yóò lò, oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ náà. Bákan náà, irin púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè pa ọmọ kékeré. Oògùn tí kò ní àyẹ̀wò níwájú, tí kò ní ẹni tí yóò bójú tó o lẹ́yìn, ẹ̀bùn ìbò ni, kì í ṣe ìtọ́jú.

Ìtọ́jú gan-an jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa ka ìpèsè ìlera mọ́ ara iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó kópa nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Nítorí náà, àwáwí pé owó kò sí lọ́wọ́ àwọn kò tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Ọ̀nà pàápàá ti là sílẹ̀: ní àsìkò òjò, àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ ilé dé ilé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá láti fún àwọn ọmọ oṣù 3 sí 59 ní oògùn ìdènà ibà. Kí ló dé tí a kò lè so ètò irin mọ́ ọn?

Ẹ wá bi ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò yín ní ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí:

1. Ṣé omi oògùn irin fún ọmọdé yóò máa wà ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù wa láti January dé December?

2. Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò ibà, oògùn aràn àti àwọ̀n ẹ̀fọn yóò bá a rìn?

3. Ṣé aboyún yóò máa rí oògùn ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gbà láìsanwó?

4. Èló ni ẹ ó kọ sínú ètò ìnáwó fún un, ta ni a ó sì bi bí kò bá sí?

Àwọn kan yóò sọ pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Òótọ́ wà níbẹ̀; ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò dá a dúró bí ìgbẹ́ ọmọ bá dúdú. Ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wọn pé irin ni ó fà á, kì í ṣe àìsàn, ni a fi ń yanjú ìyẹn. Ipa tiwa náà ń bẹ. Kí a fi ẹja lílọ̀, ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹ̀dọ̀ kún oúnjẹ ọmọ, kí a fún un ní ọsàn lé e, kí a má sì fún un ní tíì.

Ẹ̀yin ará wa, a kì í ṣe àlejò ní ìlú tí a bí ọmọ wa sí. Káàdì ìdìbò ń bẹ lọ́wọ́ wa, ohùn wa sì kà. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin yìí, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé a kò gbàgbé nígbà tí a bá dé ibi àpótí. Afárá tí ó bá wó, a lè tún un kọ́. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ọmọ kì í padà wá.