Ṣé Rebreather Yẹ Òmùwẹ̀ Tuntun?

Àwọn àgbà ní ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ. Àwa ọmọ Yorùbá tí a dàgbà sí Uwani, nílùú Enugu, jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ń fojú sọ́nà fún iṣẹ́ abẹ́ omi. Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tó gbé sìlíńdà lásán ń mí èémí rẹ̀ dànù sínú omi. Rebreather kì í dà á nù. Kẹ́míkà inú rẹ̀ a fa kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì kúrò, ọ́síjìn díẹ̀ a wọlé, òmùwẹ̀ a sì tún afẹ́fẹ́ náà mí. Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ hó, ẹja kì í tètè sá. Ó yẹ ẹni tó ń ya fọ́tò ẹja.

Àmọ́ bí kẹ́míkà bá gbó, tàbí tí ọ́síjìn dín kù, òmùwẹ̀ lè dákú kó tó fura. Ẹ rántí ọkọ̀ Jascon-4 tó rì sí òkun wa ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Nǹkan bí wákàtí 60 ni Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, fi wà nínú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀, kí àwọn òmùwẹ̀ tó yọ ọ́. Èémí tirẹ̀ gan-an wà lára ohun tó fẹ́ pa á.

Èrò tèmi ni pé kí òmùwẹ̀ tuntun kọ́kọ́ mọ sìlíńdà lásán lò dunjú. Rebreather ń fẹ́ àyẹ̀wò fínnífínní kí a tó wọ omi, nígbà gbogbo. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.