Ẹni Tó Ń Pa Èèwọ̀ Mọ́ Lè Tọ́jú Ara Rẹ̀: Kí Ìwádìí Owó Ìlú Má Fo Ilé Ifá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, làkúrègbé àti ikọ́ fée. Àìsàn bárakú là ń pè wọ́n, nítorí wọn kì í ṣe àlejò tó ń sùn mọ́jú kó tó lọ. Ẹni tí wọ́n bá wọlé tọ̀ ní láti kọ́ bí a ṣe ń bá wọn gbélé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. Bí aláìsàn bá rí dókítà lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ fún ààbọ̀ wákàtí nígbà kọ̀ọ̀kan, wákàtí 2 péré nìyẹn. Wákàtí 8,758 tó kù, ọwọ́ aláìsàn ló wà: òun ni yóò mọ ohun tí yóò jẹ, òun ni yóò rántí oògùn, òun ni yóò pinnu bóyá kí òun rìn tàbí kí òun jókòó. Ìdí nìyí tí àwọn ìjọba kan fi ń ná owó ìlú sórí ìwádìí nípa bí a ṣe lè ran aláìsàn lọ́wọ́ láti máa tọ́jú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kàn wá ni, àmọ́ àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò tíì dá sí i tó.

Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Kate Lorig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 6 fún àwọn tó ní àìsàn bárakú. Owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti ti ìpínlẹ̀ California ló gbé ìwádìí náà ró, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1999. Kì í ṣe dókítà ló ń darí ìpàdé náà. Àwọn ará ìlú tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lára. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú àpẹẹrẹ yìí, ó sì kéde ètò tirẹ̀ ní 2001.

Nígbà tí wọ́n yẹ ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wò lára ènìyàn 629, tí àbájáde jáde ní 2007, wọ́n rí i pé àwọn tó lọ síbẹ̀ túbọ̀ gbà pé àwọn lè kápá àìsàn àwọn, okun wọn sì pọ̀ sí i díẹ̀. Ṣùgbọ́n lílọ tí wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ dókítà kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Mo fẹ́ kí àwọn ìjọba tiwa gbọ́ èyí dáadáa. Kíkọ́ aláìsàn kò rọ́pò ilé ìwòsàn. Ìjọba tó bá ní kí tálákà máa tọ́jú ara rẹ̀, tí kò sì pèsè nọ́ọ̀sì tàbí oògùn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń sá fún.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ìtọ̀ ṣúgà ń mú aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju aláwọ̀ funfun lọ, ó kéré tán ní ìlọ́po méjì. Síbẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn kì í sábà jẹ́ èyí tó wà nínú ìkòkò wọn. Louise Goff, onímọ̀ nípa oúnjẹ tó wà ní King's College London nígbà náà, bá àwọn ọmọ Áfíríkà àti Caribbean tó ní ìtọ̀ ṣúgà jókòó, wọ́n sì jọ ṣe ètò tí wọ́n ń pè ní HEAL-D. NIHR, àjọ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà náwó sórí ìwádìí ìlera, ló sanwó rẹ̀. Wọ́n ń pàdé ní àdúgbò, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ gan-an, wọ́n jọ ń ṣe eré ìdárayá. Wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn aṣáájú àdúgbò àti ti ẹ̀sìn, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lára wọn.

Mi ò bínú pé wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí olùwádìí bá ti rí èrò ló ń yà sí. Ohun tó ń dùn mí ni pé a kò tíì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwa náà ń péjọ. Ètò ọ̀sẹ̀ 6 yóò parí, owó ìwádìí yóò tán, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ Ifá kì í yẹ̀.

Àwa náà ní ohun tí a lè fi hàn wọ́n. Ẹ wo ọmọ Awo tí wọ́n tẹ̀ nífá. Wọ́n ka èèwọ̀ odù rẹ̀ fún un: má jẹ èyí, má mu tọ̀hún. Kò sí ọlọ́pàá tó ń tẹ̀lé e, àmọ́ bó lọ sóde ìyàwó, bó wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Brazil, kò ní fẹnu kàn án títí yóò fi darúgbó. Àwọn olóòṣà Ọbàtálá ń jẹ àtẹ́, wọn kì í sì í mu ẹmu. Mi ò sọ pé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ṣe fi èèwọ̀ wọ̀nyẹn lélẹ̀ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti mọ èyí tó le jù nínú iṣẹ́ náà.

Kí ló wá dé tí ẹnì kan á pa èèwọ̀ mọ́ fún ogún ọdún, tí kò ní lè lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún oṣù mẹ́ta? Ní ojú tèmi, ẹni tó mọ̀ ọ́n lórúkọ ló fún un ní èèwọ̀, lójú ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú àlàyé, tó sì ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oògùn ní tirẹ̀, wọ́n kàn jù ú sí i lọ́wọ́ láàárín èrò ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó nìkan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣáájú ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lórí ènìyàn tó lé ní 2,000 tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Ghana. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú nínú ohun tó so mọ́ ọn. Ìtọ̀ ṣúgà, àìjẹ ewébẹ̀ tó, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tó ti jinná, àìṣeré ìdárayá àti sìgá wà lára ìyókù. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ni owó iṣẹ́ náà ti wá. Ẹni tó bá gbé owó kalẹ̀ ló ń yan ìbéèrè. Ta ni yóò wá béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn nínú ilé Ifá, bí kì í bá ṣe àwa?

Kí a tó ké sí wọn, ẹ jẹ́ ká tún ilé ara wa ṣe. Awo tó bá ní kí aláìsàn da oògùn ọsibítù nù nítorí pé ẹbọ ti fín, ewu ló ń kó o sí. Ẹ̀jẹ̀ lè ru púpọ̀ kí ó má sì dun ènìyàn rárá, títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dé. Àgbo tó ń dín ṣúgà kù, bó bá pàdé oògùn tó ń ṣiṣẹ́ kan náà, lè fa ṣúgà wálẹ̀ títí ènìyàn yóò fi dákú. Ẹni tó ń mu àgbo, kó sọ fún dókítà. Kí awo náà béèrè oògùn tí aláìsàn ń lò kó tó já ewé.

Kí ilé Ifá kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n máa wọn ara wọn lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹni tó ti ń bá ìtọ̀ ṣúgà gbé láti ọjọ́ pípẹ́ máa kọ́ ẹni tí tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ń fún wa ní ìsinmi ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe; a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wa kò parí síbẹ̀. TETFund, tó ń rí owó láti ara owó orí àwọn ilé-iṣẹ́, ní àpò fún ìwádìí. Kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa béèrè fún un, kí wọ́n sì ka ilé Ifá mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí. Bí wọ́n bá wọ̀n wá, tí àbájáde kò gbè wá, kí a gbà á, kí a sì tún un ṣe. Ìlera loògùn ọrọ̀.