TA NI YÓÒ FÚN TA LỌ́NÀ?



Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń dá wa ara rẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni, kò kàn wá. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Lọ́dún 2009, Google ń dán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Ó dé oríta, ó dúró bí òfin ṣe wí, ó ń retí kí àwọn yòókù dúró pátápátá kí òun tó kọjá. Wọn ò dúró. Wọ́n ń rọra sún síwájú, bí àwa náà ti ń ṣe ní Ìkòtún nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ náà sì dúró sójú kan bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2016, òmíràn yà sí iwájú bọ́ọ̀sì èrò ní Mountain View, ó rò pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì yóò fún òun lọ́nà. Awakọ̀ kò fún un, ó sì fara gbá bọ́ọ̀sì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fara pa.

Ohun tó sọnù lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ẹ̀kọ́ eré ìdíje, tí von Neumann àti Morgenstern kọ ìwé lé lórí ní 1944. Ẹni tó ń ta ayò mọ ìtumọ̀ rẹ̀: kì í ṣe ọmọ ayò tirẹ̀ nìkan ló ń kà, ó ń ro ohun tí ẹni tó kọjú sí i yóò ta lẹ́yìn tòun. Àwa tí a ń bá ọ̀gá jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù náà mọ̀ ọ́n, bí a kò tilẹ̀ ka ìwé rẹ̀.

Ní 2016, ní Yunifásítì California ní Berkeley, Dorsa Sadigh, Anca Dragan àti ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ètò kan tí ọkọ̀ fi ń ro ohun tí ènìyàn yóò ṣe bí òun bá ṣe báyìí. Ẹ̀rọ ìdánrawò ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe ojú títì. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ènìyàn kọ́kọ́ kọjá ní oríta. Wọn ò sọ bí yóò ṣe ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i pé bí òun bá fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹni yẹn á lọ. Èyí wù wá. A mọ àwọn awakọ̀ kan tó yẹ kí wọ́n lọ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó mú kí ènìyàn dín eré kù, ńṣe ló já sí i níwájú, nítorí ó mọ̀ pé yóò tẹ búrèkì.

Ibẹ̀ gan-an ló ká wa lára. Ìṣọ́ra ẹni tí kò fẹ́ kọlu ọmọnìkejì ni ẹ̀rọ fi ń rí ọ̀nà lọ. A kò bínú sí àwọn olùwádìí. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ni yóò sọ ohun tí yóò máa lé fún un. Bí ọ̀gá bá ní kó máa lé àkókò nìkan, ẹni tó ń ti ọmọlanke nínú ilé ìkẹ́rùsí ni yóò máa yà fún un láti àárọ̀ dé alẹ́.

Láti 2020 ni Waymo, tó jáde láti inú iṣẹ́ Google yìí, ti ń gbé èrò ní Phoenix láìsí awakọ̀ nínú ọkọ̀. A kò tíì rí i ní Ìyànà Ìpájà. Kó tó dé ni kí a ti fi í sínú ìwé àdéhùn: kí wọ́n fi ohun tí ẹ̀rọ ń lé hàn wá, kí ẹ̀bi má sì bọ́ sórí awakọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá rò pé yóò yà, tí kò yà. A ó gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀. Kí àwọn tó ń wa fókílíìfù má pẹ́ dé, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.